Bí wọ́n bá san bẹ́nẹ́fíìtì jù fún yín nílùú Ọba

Arábìnrin kan nínú ìjọ wa fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan lẹ́yìn ìsìn ọjọ́ Àìkú, ó yọ àpò lẹ́tà aláwọ̀ búráùn kan nínú báàgì rẹ̀. Kò tíì ṣí i. Ó ní ó ti lo ọjọ́ mẹ́sàn-án lórí fíríìjì òun, ìgbàkígbà tí òun bá sì fẹ́ mú mílíìkì ni àyà òun ń já. A jọ ṣí i. Ó jẹ ìjọba ní owó tó lé ní 2,000 pọ́n-ùn.

Kò jalè o. Ọkọ rẹ̀ ló dé láti Òṣogbo, tó sì ríṣẹ́ ní ilé ìkẹ́rùsí kan kó tó pé oṣù kan. Tọkọtaya náà rò pé nígbà tí físà ọkọ kò ti gba bẹ́nẹ́fíìtì, ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò kan Universal Credit, owó ìrànwọ́ ìjọba fún ẹni tí owó tó ń wọlé fún un kò tó, tí ìyàwó ń gbà. Ó kàn án. Ìyàwó nìkan ni wọ́n máa ka owó fún lóòótọ́, ṣùgbọ́n owó oṣù ọkọ àti owó tó wà ní báńkì rẹ̀ máa wọnú ìṣirò. Torí pé kò sọ, owó tó ń wọlé fún un ju ẹ̀tọ́ rẹ̀ lọ fún oṣù márùn-ún gbáko.

Irú ẹni bẹ́ẹ̀ ni mò ń kọ èyí fún. Àwọn tó fi jìbìtì ṣe iṣẹ́ mọ ohun tí wọ́n ń ṣe. Ní ọdún 2024, ilé ẹjọ́ kan ní Wood Green, Lọ́ńdọ̀nù, rán èèyàn márùn-ún láti Bùlgéríà lẹ́wọ̀n, torí wọ́n fi ayédèrú ìwé gba Universal Credit tó lé ní mílíọ̀nù 50 pọ́n-ùn. Ariwo irú nǹkan báyìí ló ń mú kí òfin máa le sí i, orí ẹni tó kàn gbàgbé láti sọ̀rọ̀ náà ló sì ń bọ́ sí.

Físà ni kí ẹ kọ́kọ́ wò. Bí ẹ bá jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́, òṣìṣẹ́ ìtọ́jú arúgbó, tàbí ẹni tí ilé iṣẹ́ kan gbà wọlé, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dájú pé ó wà lórí físà yín pé ẹ kò gbọdọ̀ gba owó ìrànwọ́ ìjọba. Universal Credit wà lára owó náà. Ẹni tó bá gbà á ti rú òfin físà, ọjọ́ tó bá ń tọrọ ìwé ìgbélùú ni ọ̀rọ̀ náà máa jáde. Jobseeker's Allowance tuntun, owó tí wọ́n ń san fún ẹni tó ń wá iṣẹ́, kò sí lára rẹ̀, torí National Insurance tí wọ́n ti ń yọ nínú owó iṣẹ́ yín ló gbé e dúró, oṣù mẹ́fà ló sì mọ. Síbẹ̀, ẹ bá agbẹjọ́rò tó mọ ọ̀rọ̀ físà sọ̀rọ̀ kí ẹ tó fọwọ́ kàn án.

Ohun tí ọ̀pọ̀ wa kò mọ̀ ni pé láti ìgbà tí òfin ọdún 2012 ti bí Universal Credit, gbogbo owó tí wọ́n bá san jù ni DWP, iléeṣẹ́ ìjọba tó ń san án, lè gbà padà, kódà kó jẹ́ òṣìṣẹ́ wọn ló ṣìṣe. Lábẹ́ àwọn bẹ́nẹ́fíìtì àtijọ́, àṣìṣe tiwọn lè bọ́ lọ́rùn yín. Ti ìsinsìnyí kò rí bẹ́ẹ̀. Nítorí náà, bí ẹ bá rí i pé owó oṣù yìí ga ju ti oṣù tó kọjá lọ láìnídìí, ẹ má tíì jẹ́rìí nínú ìjọ. Ẹ kọ ọ́ sínú journal, ibi tí ẹ ti ń kọ̀wé sí wọn nínú àkáǹtì Universal Credit yín lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, kí ẹ bi wọ́n pé kí ló dé, kí ẹ sì ya fọ́tò ohun tí ẹ kọ.

Ohun tó yẹ ká máa sọ fún wọn pọ̀: ẹ kó kúrò nílé, ọmọ kúrò lọ́dọ̀ yín, ẹnìkan wá ń bá yín gbé. Wọ́n kọ ìyẹn sórí ìkànnì wọn. Èyí tí ẹnikẹ́ni kì í ṣàlàyé fún àwa ọmọ Yorùbá ni àjọ àti ilé.

Ẹni tí owó ìpamọ́ rẹ̀ kò ju 6,000 pọ́n-ùn lọ kò ní ìṣòro. Láti ibẹ̀ lọ sókè, gbogbo 250 pọ́n-ùn, tàbí díẹ̀ nínú rẹ̀, ni wọ́n ń kà sí 4.35 pọ́n-ùn tó ń wọlé fún un lóṣù. Bó bá ti ju 16,000 lọ, Universal Credit tán nìyẹn. Wàyí o, ẹ wo ìyá alájọ kan ní Peckham. Èèyàn 20, 500 pọ́n-ùn lẹ́nì kọ̀ọ̀kan, gbogbo rẹ̀ ń wọ àkáǹtì rẹ̀ ní ìparí oṣù. 10,000 pọ́n-ùn ló jókòó síbẹ̀ kó tó fi ránṣẹ́ sí ẹni tí àjọ kàn. Lójú báńkì, tirẹ̀ ni. Lójú òfin, owó olówó tó wà lọ́wọ́ ẹni kì í ṣe tẹni, ṣùgbọ́n ẹni tó bá sọ bẹ́ẹ̀ ni yóò mú ẹ̀rí wá. Ìwé tí ẹ fi ń kọ orúkọ, ọjọ́ àti iye, ẹ má sọ ọ́ nù. Ẹ má pa ọ̀rọ̀ orí WhatsApp ẹgbẹ́ náà rẹ́. Ẹ ṣí àkáǹtì ọ̀tọ̀ fún àjọ. Bí ẹ bá bi mí o, mo máa ní kí ẹni tó wà lórí Universal Credit má ṣe alájọ rárá. Ọjọ́ tí ó bá sì kan ẹ̀yin láti kó o, tiyín ni.

Ilé ńkọ́? Ilé tí ẹ kọ́ sí Ìbàdàn tí ẹ kò gbé inú rẹ̀, ilẹ̀ tí ẹ rà ní Ìbẹ̀jú-Lẹ́kì, dúkìá ni wọ́n ka gbogbo rẹ̀ sí. Iye tó lè tà ni wọ́n ń wò. Wọ́n á yọ ìdá 10 nínú 100 fún ìnáwó títà, wọ́n á yọ gbèsè orí rẹ̀. "Kò tíì ní òrùlé" kì í ṣe ìdáhùn, ilẹ̀ abẹ́ rẹ̀ níye lórí. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ ìyá yín tó ti tó ọjọ́ orí ìfẹ̀yìntì ló fi ibẹ̀ ṣe ilé, wọn kì í kà á. Ẹ sọ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀.

Ìrìnàjò sílé náà ní òdiwọ̀n: oṣù kan. Bí ẹbí tímọ́tímọ́ bá kú, tí kò sì ṣeé ṣe kí ẹ tètè padà, wọ́n lè fi oṣù kan sí i. Kì í ṣe gbogbo ẹni tí à ń pè ní bàbá ni bàbá lójú wọn o.

Ní oṣù kìíní ọdún 2025 ni wọ́n gbé àbá òfin tuntun kan wọ ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin, ó sì di òfin kí ọdún náà tó parí. Díẹ̀díẹ̀ ni wọ́n ń mú un bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ó fún DWP lágbára láti ní kí báńkì yẹ àkáǹtì tí Universal Credit ń wọ̀ wò, kí wọ́n sì tọ́ka sí èyí tó jọ pé ó ti kọjá òdiwọ̀n. Báńkì kò ní sọ ohun tí ẹ rà lọ́jà fún wọn. Ẹni tó ti kúrò lórí bẹ́nẹ́fíìtì, tó lówó, tó kọ̀ tí kò san gbèsè, wọ́n lè yọ ọ́ tààrà nínú àkáǹtì rẹ̀. Bí gbèsè náà bá tó 1,000 pọ́n-ùn, ilé ẹjọ́ lè gba ìwé ìwakọ̀ rẹ̀ fúngbà díẹ̀.

Ẹni tó ṣì ń gba Universal Credit, inú rẹ̀ ni wọ́n á ti máa yọ gbèsè. Láti oṣù kẹrin ọdún 2025, fún ọ̀pọ̀ èèyàn, ohun tí wọ́n ń yọ lóṣù kò yẹ kó ju ìdá 15 nínú 100 owó ìpìlẹ̀ Universal Credit lọ. 25 ni tẹ́lẹ̀. Ẹni tó ti ríṣẹ́, wọ́n lè kọ̀wé sí ọ̀gá rẹ̀ kó máa yọ ọ́ nínú owó oṣù, wọn kò sì nílò adájọ́ kankan. Lójú tèmi, ìtìjú pé ọ́fíìsì máa mọ̀ ti tó ìdí láti yára pè wọ́n kí ẹ jọ ṣàdéhùn.

Bó bá jẹ́ àìbìkítà, wọ́n lè fi 50 pọ́n-ùn lé e. Bí wọ́n bá fura sí jìbìtì, wọ́n lè ní kí ẹ san ìdajì gbèsè náà lé e dípò ilé ẹjọ́, kò ní dín ní 350, kò ní ju 5,000 lọ. Ẹ ní ọjọ́ 14 láti yí ọkàn padà lẹ́yìn tí ẹ bá gbà bẹ́ẹ̀. Ilé ẹjọ́ ní tiẹ̀ lè fi ẹni tó mọ̀ọ́mọ̀ purọ́ sẹ́wọ̀n ọdún 7. Bí wọ́n bá pè yín fún ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò, tí wọ́n ní ohun tí ẹ bá sọ lè di ẹ̀rí, ẹ má gbọ́ ti ẹni tó ń sọ pé "ṣáà lọ ṣàlàyé ara ẹ". Ẹ mú agbẹjọ́rò dání.

Ẹ ṣọ́ àwọn tó ń sọ pé àwọn lè bá yín gba "owó ọ̀fẹ́" tí ẹ bá fún àwọn ní déètì ọjọ́ ìbí àti nọ́ńbà National Insurance yín. Owó ìṣáájú Universal Credit ni wọ́n ń bá yín gbà. Gbèsè ni, oṣù 24 ni wọ́n fi ń san án, àwọn yẹn á sì ti yọ tiwọn lọ.

Lẹ́tà bá dé: ẹ wo déètì orí rẹ̀. Oṣù kan lẹ ní láti ní kí wọ́n tún ìpinnu náà gbé yẹ̀ wò. Bí kò bá tẹ́ yín lọ́rùn, ẹ lè gbé e lọ sí ìgbìmọ̀ adájọ́. Ẹ fi iye tí wọ́n kọ wé ohun tó wọ báńkì yín lóṣooṣù, torí ìṣirò wọn náà a máa ṣẹ̀. Citizens Advice, ẹgbẹ́ aláàánú tó ń gbani nímọ̀ràn, kì í gba owó.

Arábìnrin yẹn pè wọ́n láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, mo jókòó tì í. Ó ka ìnáwó ilé rẹ̀ fún wọn, owó ilé, owó iná, bọ́ọ̀sì ọmọ, wọ́n sì dín iye tí wọ́n fẹ́ máa yọ kù. Lẹ́tà kejì dé lóṣù tó tẹ̀ lé e. Ẹnu ọ̀nà ló ti ṣí i, kò tíì bọ́ bàtà.