Tẹ́ ẹ bá fẹ́ kó ẹyẹ mìíràn mọ́ adìẹ yín lẹ́yìn ilé l'Ékòó

Ẹni tó bá ti sin adìẹ títí tó mọ́ ọn lára, ojú ẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í wọ ẹyẹ mìíràn. Ẹ̀ẹ́ dé ọjà Oko-Ọba l'Agége, ẹ̀ẹ́ rí ẹtù tí wọ́n dì lẹ́sẹ̀, ẹ̀ẹ́ rí tòlótòló tó ń fẹ ìrù, ọkàn yín á sì sọ pé àyè ẹ̀ wà lẹ́yìn ilé. Mi ò ní kẹ́ ẹ má rà o, èmi náà fẹ́ràn kí oríṣiríṣi ẹyẹ wà nínú àgbàlá. Ohun tí mò ń bẹ̀ yín fún ni pé kẹ́ ẹ má gbé e láti ọjà kẹ́ ẹ sì jù ú sáàárín adìẹ lọ́jọ́ yẹn náà, torí pé ẹyẹ kọ̀ọ̀kan ló ní oúnjẹ tiẹ̀, ó ní bó ṣe ń mu omi, àìsàn tí adìẹ sì ń gbé kiri tí ò ṣe é ní nǹkan kan lè gbẹ̀mí ẹlòmíì. Irú ilẹ̀ tẹ́ ẹ ní àti irú ará ilé tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín ni kẹ́ ẹ fi yan ẹyẹ.

Fún ẹni tó wà ní Mushin, Bàríga, Ṣómólú, níbi tí ògiri ilé kan ti fẹ́rẹ̀ẹ́ fara kan ògiri èkejì, pẹ́pẹ́yẹ ni màá ní kẹ́ ẹ kọ́kọ́ mú. Èyí tó pọ̀ jù lọ́dọ̀ wa, tí ojú ẹ̀ pupa tó rí kókókó yẹn, Muscovy ni, ilẹ̀ South America ló ti ṣẹ̀ wá, kì í pariwo rárá, akọ ẹ̀ kàn máa ń mí ṣíì-ṣíì ni, lándílọọ̀dù tí ò fẹ́ gbọ́ kíkọ àkùkọ pàápàá lè gbà yín láyè. Ó ń jẹ eṣinṣin, ó ń jẹ aáyán, ó ń jẹ ìdin, òjò oṣù kẹfà àti ìkeje tó ń mú adìẹ gbọ̀n ò ṣe é ní nǹkan kan.

Omi ni wàhálà ẹ̀. Pẹ́pẹ́yẹ gbọ́dọ̀ lè ri gbogbo imú bọ omi kó tó jẹun dáadáa kó sì tó lè fọ ojú ẹ̀, nítorí náà dírínkà adìẹ ò tó o, ẹ wá báàfù kékeré tó jìn díẹ̀ fún un. Ṣùgbọ́n tẹ́ ẹ bá gbé báàfù yẹn sínú ilé adìẹ, kó tó di ìrọ̀lẹ́ gbogbo ilẹ̀ á ti rin gbindin, sọdọ́ọ̀sì á máa rùn, àfi kẹ́ ẹ máa rí ìgbẹ́ ẹ̀jẹ̀ lára àwọn adìẹ kéékèèké, torí inú ilẹ̀ tútù ni kòkòrò tó ń fa kọksí, àìsàn ìgbẹ́ ẹ̀jẹ̀ yẹn, ti máa ń gbèrú. Ìta ni kí báàfù wà, lórí òkúta wẹ́wẹ́ tàbí lórí nẹ́ẹ̀tì onírin tẹ́ ẹ gbé ka búlọ́ọ̀kù, kí omi tó bá dà lè ṣàn lọ. Lálẹ́, tí ò bá sí omi nínú ilé, kí oúnjẹ náà má sì sí níbẹ̀, torí pẹ́pẹ́yẹ tó bá ń jẹ máàṣì láìsí omi, ó lè há a lọ́nà ọ̀fun. Ẹ tún wo ibi tí àwọn adìẹ ń sùn sí, kó má jẹ́ pé orí pẹ́pẹ́yẹ tó sùn sílẹ̀ ni wọ́n á máa yàgbẹ́ sí.

Nǹkan kan tún wà tí àwọn tó ń tà á kì í sọ. Akọ pẹ́pẹ́yẹ ní okó, àkùkọ ò ní, nítorí náà tí akọ pẹ́pẹ́yẹ ò bá rí abo tó pọ̀ tó, tó wá ń gun adìẹ yín, ó lè ṣe adìẹ yẹn léṣe nínú, adìẹ á kàn máa rù, ẹ ò sì ní mọ ohun tó ṣe é. Akọ kan sí abo mẹ́rin tàbí márùn-ún, kó má pọ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Tó bá jẹ́ pé ẹran tàbí ẹyin nìkan lẹ ń wá, abo nìkan ni kẹ́ ẹ rà, ẹ ò nílò akọ kankan. Tí Muscovy bá ń fò kọjá fẹ́ǹsì, ẹ gé ìyẹ́ gígùn apá kan ṣoṣo, kì í ṣe méjèèjì, ẹ sì wo ìdí ìyẹ́ náà kẹ́ ẹ tó gé e, èyí tí ẹ̀jẹ̀ ṣì wà nínú ẹ̀, ẹ fi sílẹ̀.

Ẹtù, tí àwọn kan ń pè ní awó, ẹyẹ ilẹ̀ wa ni, oòrùn ò ṣe é, àìsàn kì í tètè mú un, tí ejò tàbí àjèjì bá sì wọ àgbàlá, òun ló máa kọ́kọ́ kígbe. Igbe yẹn gan-an ló wá di ọ̀rọ̀. Ẹ gbọ́ ọ dáadáa kẹ́ ẹ tó ra: abo ló máa ń ké ẹlẹ́ẹ̀mejì, tó dà bíi pé ó ń ké ọ̀rọ̀ onísílébù méjì léraléra, akọ ò lè ké bẹ́ẹ̀, ẹyọ kan ṣoṣo lòun máa ń ké, bẹ́ẹ̀ lẹ ṣe máa dá wọn mọ̀ lọ́jà, torí ìyẹ́ wọn ò yàtọ̀ síra. Ẹni tó ní àgbàlá gbalasa ní Ìpájà, Ìgándò tàbí Ìkòtún lè sin ín. Ẹni tó wà nínú ilé onírúùmù tí ènìyàn mẹ́jọ ń gbé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dán an wò, ará ilé ò ní gbà.

Ẹtù àgbà tẹ́ ẹ bá rà tẹ́ ẹ sì tú sílẹ̀ lọ́jọ́ kejì, ó ti lọ nìyẹn, orí igi máńgòrò ará ẹ̀yìn ilé lẹ ti máa rí i. Ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí mẹ́fà ni kẹ́ ẹ fi há a mọ́ inú ilé tó máa sùn sí, kó lè mọ̀ pé ibẹ̀ nilé. Ọ̀nà tó dáa jù lójú tèmi ni kẹ́ ẹ gba ẹyin awó, kẹ́ ẹ gbé e sábẹ́ àgbébọ̀ adìẹ ìbílẹ̀ tó ń sàba. Àwọn ọmọ ẹtù á máa tẹ̀lé ìyá adìẹ, wọ́n á gbọ́ ìpè ẹ̀, wọ́n á sì kọ́ bí a ṣe ń wọlé lálẹ́. Ṣùgbọ́n ẹyin adìẹ á pa lọ́jọ́ 21, ti ẹtù á lo ọjọ́ 26 sí 28, nítorí náà ẹ má dà wọ́n pọ̀ lọ́jọ́ kan náà, torí ìyá adìẹ á dìde tẹ̀lé ọmọ tiẹ̀, ẹyin awó á tutù. Tó bá ṣe pé ẹ fẹ́ kí wọ́n jọ pa, ti ẹtù ló máa ṣáájú pẹ̀lú ọ̀sẹ̀ kan. Ọmọ ẹtù kéré púpọ̀, omi inú dírínkà lásán lè gbé e lọ, ẹ kó òkúta kéékèèké sínú omi náà, kí ìrì àárọ̀ má sì kàn án títí tí ìyẹ́ fi máa bò ó.

Tòlótòló ni mo fẹ́ kẹ́ ẹ fara balẹ̀ kà dáadáa, torí òun ni owó àwọn èèyàn ti ń ṣòfò jù. Aràn tín-ín-rín kan wà nínú ìfun adìẹ, Heterakis lorúkọ ẹ̀. Nínú ẹyin aràn yìí ni kòkòrò kan tí ojú lásán ò lè rí máa ń fara pamọ́ sí, Histomonas ni wọ́n ń pè é. Adìẹ á máa gbé e kiri, ara ẹ̀ á le, á máa yé ẹyin lọ, ẹ ò ní mọ̀ pé nǹkan kan wà níbẹ̀. Ó ń yà á jáde nínú ìgbẹ́, ekòló á gbé e mì, tòlótòló á ṣa ekòló jẹ, tàbí kó ṣa ilẹ̀ yẹn gan-an jẹ, kòkòrò á bá ìfun ẹ̀ wọ inú ẹ̀dọ̀. Ẹ̀ẹ́ rí tòlótòló yín tó dúró sí kọ̀rọ̀ kan, apá ẹ̀ á wọ́lẹ̀, á máa tòògbé lọ́sàn-án gangan, ìgbẹ́ ẹ̀ á wá yọ àwọ̀ bí imí-ọjọ́. Tẹ́ ẹ bá ti rí ìgbẹ́ yẹn, ẹ yọ ọ́ kúrò láàárín àwọn tó kù lójú ẹsẹ̀, kẹ́ ẹ sì pe dọ́kítà ẹran lọ́jọ́ yẹn náà. Òyìnbó ń pè é ní blackhead, ṣùgbọ́n ẹ má dúró de ìgbà tí orí ẹ̀ máa dúdú, ọ̀pọ̀ ló ń kú láìjẹ́ pé orí wọn dúdú.

Ẹyin aràn yẹn lè wà nínú ilẹ̀ fún ọdún púpọ̀, nítorí náà gbígbá ilẹ̀ lásán ò lè mú un kúrò níbẹ̀ o. Àgbàlá tí adìẹ ti ń rìn láti ọjọ́ yìí wá, kí tòlótòló má tẹ ilẹ̀ ẹ̀. Ẹ sin tòlótòló lórí sìmẹ́ńtì tẹ́ ẹ lè fọ̀, tàbí lórí pákó tàbí nẹ́ẹ̀tì tó ga kúrò nílẹ̀, kẹ́ ẹ máa fún adìẹ ní oògùn aràn déédéé, kẹ́ ẹ sì ní sílípáàsì ọ̀tọ̀ fún ibi tòlótòló. Ọ̀kín náà, bó ṣe lẹ́wà tó yẹn, àìsàn yìí ń bá a jà bákan náà, ìyẹn ni mi ò fi lè ní kí ẹni tó ń sin adìẹ lórí ilẹ̀ lọ fowó gọbọi ra á. Ẹ tún ka ara àpò fídì adìẹ dáadáa: tẹ́ ẹ bá rí salinomycin níbẹ̀, ẹ má fún tòlótòló jẹ, májèlé ni fún un.

Quail, àparò kékeré olẹ́yin tótòtó yẹn, inú kéèjì tiẹ̀ ló ń gbé, kì í bá adìẹ gbélé. Adìẹ á ṣa á pa, kátá adìẹ sì lè ràn án. Ẹyin ẹ̀ ń pa lọ́jọ́ 17 tàbí 18, á sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í yé ní ọ̀sẹ̀ mẹ́fà sí méje, ẹni tí àyè ò gbà á rárá lè fi ṣe. Odídẹ kò sí nínú ọ̀rọ̀ yìí: láti ìpàdé CITES, àdéhùn àgbáyé lórí òwò ẹranko igbó, ti ọdún 2016 ni àwọn orílẹ̀-èdè ti fòfin de òwò odídẹ tí wọ́n mú nínú igbó, ẹ má bá ẹnikẹ́ni ra á.

Tẹ́ ẹ bá dé ọjà, ẹ má wo ìyẹ́ nìkan. Ẹ gbé ẹyẹ náà sọ́wọ́, ẹ fọwọ́ kan egungun àyà ẹ̀, tó bá mú bí ọ̀bẹ, ó ti ń ṣàìsàn tàbí ebi ti ń pa á tipẹ́. Ẹ wo ìdí ẹ̀ bóyá ìgbẹ́ lẹ̀ mọ́ ọn, ẹ gbé etí sí àyà ẹ̀ bóyá èémí ẹ̀ ń hanrun, ẹ tú abẹ́ apá wo iná adìẹ. Ẹ rà tó mẹ́ta, torí ẹyẹ kan ṣoṣo á máa sunkún ẹgbẹ́ ẹ̀ ni, adìẹ á sì máa lé e kiri.

Kò sí adìẹ kankan tó gbọ́dọ̀ rí ẹyẹ tuntun yìí fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin. Apá kejì ilé ni kó wà, kó ní abọ́ tiẹ̀, omi tiẹ̀, kẹ́ ẹ kọ́kọ́ fún àwọn ti tẹ́lẹ̀ lóúnjẹ kẹ́ ẹ tó lọ sọ́dọ̀ ẹ̀, kẹ́ ẹ wá fọ ọwọ́ àti ẹsẹ̀ tẹ́ ẹ bá ṣe tán. Mò ń tẹnu mọ́ ọn torí a ti rí i rí: ọdún 2006 ni àìsàn ẹyẹ H5N1 kọ́kọ́ wọ Nàìjíríà, ó tún padà wá lọ́dún 2015, Èkó sì wà lára ibi tó ti kọ́kọ́ yọjú. Pẹ́pẹ́yẹ lè gbé e láìṣe bí ẹni tó ń ṣàìsàn. Tí ẹyẹ bá ń kú lọ́pọ̀ lójijì, ẹ má tà á, ẹ má jẹ ẹ́, ẹ má jù ú sí gọ́tà, ẹ pe dọ́kítà ẹran.

Nínú ọ̀sẹ̀ mẹ́rin yẹn náà ni kẹ́ ẹ fún wọn ní àjẹsára lúkúlúkú, èyí tí wọ́n ń pè ní Newcastle, torí ẹtù àti tòlótòló náà ń kó o. Inú omi ni LaSota, ìyẹn àjẹsára náà, ń lọ, inú fúláàsì oníyìnyín lẹ máa gbé e wálé. Kí omi tẹ́ ẹ máa fi pò ó má ní kílórínì, torí kílórínì á pa á. Ẹ kó omi kúrò níwájú wọn láti ìdájí kí òùngbẹ lè gbẹ wọ́n, kí wọ́n mu ún tán kíá.

Ọ̀rọ̀ oúnjẹ: láyà máàṣì kì í ṣe ti gbogbo ẹyẹ, kálísíọ́ọ̀mù inú ẹ̀ ti pọ̀ jù fún èyí tí ò yé ẹyin, ó ń ba kíndìnrín ọmọ wẹ́wẹ́ jẹ́. Tí wọ́n bá ti ń jẹ pọ̀, ẹ fún gbogbo wọn ní gúrówà, kẹ́ ẹ gbé ìkarahun lílọ̀ sínú abọ́ ọ̀tọ̀, ẹni tó ń yé ẹyin ló máa lọ bá a. Àwọn ọmọ ẹtù ń fẹ́ puròtéènì tó tó 24 sí 26 nínú ọgọ́rùn-ún, ọmọ tòlótòló 28, chick mash lásán ò tó wọn. Ọmọ pẹ́pẹ́yẹ ń fẹ́ fítámì niacin ju òròmọdìẹ lọ, tí ò bá rí i tó, ẹsẹ̀ ẹ̀ á wọ́, ẹ bu brewer's yeast sí oúnjẹ ẹ̀.

Fún pẹ́pẹ́yẹ àti ẹtù, tí ọ̀sẹ̀ mẹ́rin bá pé tí gbogbo wọn ṣì le, ẹ ta nẹ́ẹ̀tì sáàárín wọn fún ọ̀sẹ̀ kan sí méjì, kí wọ́n máa rí ara wọn láìlè fọwọ́ kan ara wọn. Ẹ má sáré o, torí tẹ́ ẹ bá kàn da ẹtù àti adìẹ pọ̀ láàárọ̀ ọjọ́ kan, adìẹ bà lókùn ni, ara ò rọ okùn, ara ò rọ adìẹ. Alẹ́ ni kẹ́ ẹ gbé wọn wọlé, nígbà tí gbogbo wọn ti sùn, kẹ́ ẹ sì tètè jí lọ́jọ́ kejì láti wò wọ́n. Ẹ gbé oúnjẹ sí ojú méjì tàbí mẹ́ta tó jìnnà síra, torí ẹtù á fẹ́ lé àkùkọ kúrò nídìí abọ́, bó bá ń lé e tí àkùkọ ń sá lọ jẹ níbòmíì, ìyẹn kì í ṣe ìjà, ẹ fi wọ́n sílẹ̀. Ibi tí ẹ̀jẹ̀ bá ti jáde ni kẹ́ ẹ ti dá sí i, torí tí adìẹ bá ti rí pupa lára ẹyẹ kan, gbogbo wọn ló máa kóra jọ ṣa ojú ibẹ̀. Ẹ fi GV, oògùn egbò aláwọ̀ àlùkò yẹn, kun egbò náà kí àwọ̀ pupa yẹn lè bò, ẹni tó ń ṣa ẹgbẹ́ ẹ̀ ni kẹ́ ẹ mú jáde, kì í ṣe ẹni tí wọ́n ń ṣa, kẹ́ ẹ dá a padà sẹ́yìn nẹ́ẹ̀tì fún bí ọ̀sẹ̀ kan.