Àṣìṣe tí àwa dókítà máa ń ṣe tí a bá ń kọ ìwé àbá lórí ètò ìlera ìpínlẹ̀ wa

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọ̀kan nínú àwọn àbúrò wa fi ìwé àbá tí ìgbìmọ̀ wọn fẹ́ gbé lọ bá kọmíṣọ́nà ránṣẹ́ sí mi pé kí n bá wọn yẹ̀ ẹ́ wò. Ojú ewé 39, bébà dídán, fọ́tò àwọn ọ̀gá ẹgbẹ́ gba ojú ewé mẹ́rin àkọ́kọ́. Owó tí àwọn dókítà ń dá lóṣooṣù ni wọ́n fi tẹ̀ ẹ́. Mo kà á tán, inú bí mi, torí kò sí ohun kan ṣoṣo nínú rẹ̀ tí kọmíṣọ́nà lè bẹ̀rẹ̀ lówùúrọ̀ ọjọ́ Ajé. Ó ti lé lógún ọdún tí mo ti ń jókòó sí irú ìgbìmọ̀ bẹ́ẹ̀ nílẹ̀ Yorùbá níbí. Àwọn àṣìṣe tí mo fẹ́ kà yìí, èmi náà ti ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú wọn rí.

1. Ẹ má fi owó oṣù wa ṣáájú. Ọ̀rọ̀ gidi ni, àmọ́ ẹ kọ ọ́ sínú ìwé tirẹ̀ lọ́tọ̀.

2. Ẹ mọ ẹni tó ni ilé ìwòsàn kí ẹ tó kọ̀wé sí i. Ìjọba àpapọ̀ ló ni UCH Ìbàdàn. Ìpínlẹ̀ ló ni jẹ́nẹ́rà. Ilé ìlera alábọ́ọ́dé, ìjọba ìbílẹ̀ ni wọ́n ń kà á sí lọ́rùn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé láti 2011 ni ìlànà ti wà pé kí ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan kó gbogbo wọn sábẹ́ àjọ kan ṣoṣo. Mo ti rí ìwé tí wọ́n fi bẹ gómìnà pé kó tún wọ́ọ̀dù ilé ìwòsàn ìjọba àpapọ̀ ṣe. Owó ìwé náà ṣòfò ni.

3. Ìwé tó dé lóṣù Kejìlá ti pẹ́. Nígbà tí gómìnà bá fi máa gbé ìṣúná lọ sílé aṣòfin, wọ́n ti pín ọbẹ̀ tán nínú ìkòkò. Kí ìwé yín ti wà lọ́wọ́ àwọn tó ń ṣètò ìṣúná nígbà tí àgbàdo tuntun bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń jáde.

4. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ yé kọ ọ́ pé Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí dókítà kan máa tọ́jú 600 ènìyàn. Ohun tí àjọ náà gbé jáde ní 2016 ni òṣìṣẹ́ 4.45 fún 1,000 ènìyàn, dókítà, nọ́ọ̀sì àti agbẹ̀bí lápapọ̀ ni wọ́n sì kà. Ẹ wo bí àwa ṣe ń yọ àwọn tó kù kúrò.

5. Ẹ̀rọ. Ibi tó ń dùn mí jù nìyí.

Ní nǹkan bí ọdún méjìlá sẹ́yìn, èmi ni akọ̀wé ìgbìmọ̀ kan. Ọwọ́ mi ni mo fi kọ ọ́ pé kí ìpínlẹ̀ ra ẹ̀rọ tó ń mú ọmọ tí oṣù rẹ̀ kò pé móoru fún àwọn ilé ìlera wọ́ọ̀dù. A gbé ìwé náà jáde ní òtẹ́ẹ̀lì, a pe àwọn oníròyìn, a fún wọn ní oúnjẹ. Wọ́n ra ẹ̀rọ náà. Inú mi dùn.

Ọdún tó tẹ̀lé e, mo yà sí ọ̀kan nínú àwọn ilé ìlera náà lójú ọ̀nà oko. Páálí méjì wà ní kọ̀rọ̀ yàrá ìgbẹ̀bí, kò sẹ́ni tó tíì já téèpù ara wọn. Fáìlì àwọn aboyún ni wọ́n tò lé wọn lórí. Nọ́ọ̀sì àgbà tó ń bójú tó ibẹ̀ kí mi tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, ó ní, “Dókítà, ẹ ṣeun o. Àmọ́ iná ọba kì í dé ọ̀dọ̀ wa ju ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀.” Ó mú mi lọ sẹ́yìn ilé. Pọ́ǹpù kànga ti bàjẹ́, dúróòmù kan tí wọ́n fi pákó bò ló kù. Obìnrin tó bá ń rọbí, kẹ́ẹ̀gì omi tirẹ̀ ló ń gbé wá. Tó bá di òru, nọ́ọ̀sì yóò fi eyín di fóònù mú kí tọ́ọ̀ṣì rẹ̀ lè tàn sí ibi tó ń rán lára ìyá ọmọ.

Mo ní, “Màmá, kí lẹ bá bèèrè ká ní wọ́n bi yín?” Kò dá mi lóhùn, ó mú ìwé kan jáde, ìwé àwọn ọmọ iléèwé lásán, tó ti fi bírò fa ìlà sí. Ó fi búlúù kọ àwọn tó bí síbẹ̀, ó fi pupa kọ àwọn tó ní kí wọ́n gbé lọ sí jẹ́nẹ́rà. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ púpọ̀ nínú àwọn tó fi pupa kọ, ó kọ ọ́ pé: ọ̀kadà ò sí.

Ọ̀kadà. Kò sí lójú ewé kankan nínú ìwé wa. A kò kúrò nínú ọ́fíìsì kí a tó kọ ọ́, èmi ni mo sì fọwọ́ sí i. Títí dòní, tí mo bá rántí ìwé obìnrin yẹn, ara mi kì í balẹ̀.

Ẹ wo àwọn tó ṣe é tó yọrí. Ní Ìmẹ̀sí-Ilé, ní nǹkan bí 1956 sókè, dókítà David Morley láti ilé ìwòsàn Wesley Guild ní Iléṣà kọ́kọ́ jókòó ti àwọn ará ìlú. Ó rí i pé púpọ̀ nínú ohun tó ń pa àwọn ọmọdé ni nọ́ọ̀sì tí a bá kọ́ dáadáa lè dá dúró. Ó gbé kílíníkì àwọn ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún lé àwọn nọ́ọ̀sì lọ́wọ́, ó sì ṣe káàdì tí ìyá ń gbé sílé, tí wọ́n ń fi ìlà sàmì ìwọ̀n ọmọ sí. Káàdì yẹn rin àgbáyé já. Nígbà tí ìpínlẹ̀ Òǹdó bẹ̀rẹ̀ ètò Abíyẹ ní 2009, ìjọba ìbílẹ̀ Ìfẹ́dọrẹ̀ nìkan ni wọ́n kọ́kọ́ lọ, wọ́n bèèrè ohun tó ń dá aboyún dúró lọ́nà, wọ́n fún wọn ní fóònù kí wọ́n lè pe òṣìṣẹ́ ìlera. Lẹ́yìn ìyẹn ni ilé ìwòsàn ńlá ti ìyá àti ọmọ ní Àkúrẹ́ tó dé.

Ẹ̀yin tó ń kọ “ìdá 15 nínú ọgọ́rùn-ún” ní gbogbo ọdún náà ńkọ́? Àwọn olórí ilẹ̀ Áfíríkà ṣe ìlérí ní Àbújá ní 2001 pé àwọn yóò máa ya ìdá yẹn sọ́tọ̀ fún ìlera nínú ìṣúná ọdọọdún, kò burú kí a rán wọn létí. Àmọ́ ohun tí wọ́n kọ sínú ìṣúná yàtọ̀ sí owó tó jáde. Ẹ bèèrè èyí tó jáde. Òfin ìlera ti 2014 yà, ó kéré tán, ìdá 1 nínú ọgọ́rùn-ún owó tó ń wọlé fún ìjọba àpapọ̀ sọ́tọ̀: ìdajì rẹ̀ sí adójútòfò ìlera, ìdá 45 sí ìlera alábọ́ọ́dé, ìdá 5 sí ìtọ́jú pàjáwìrì. Ilé ìlera mélòó ní ìpínlẹ̀ yín ló ní àkáǹtì ní báńkì? Mélòó ni owó oṣù mẹ́ta tó kọjá wọ àkáǹtì rẹ̀? Owó ọkọ̀ lásán lẹ máa ná láti mọ̀ ọ́n, àwọn aṣòfin kì í sì í rí ẹnu fi dáhùn rẹ̀.

Ẹ má tún bèèrè fún òfin adójútòfò: ti 2022 ti sọ ọ́ di dandan. Ẹ sọ bí ìyá aláta yóò ṣe máa san tirẹ̀.

Ẹ má sì dara pọ̀ mọ́ àwọn tó fẹ́ fi òfin há dókítà mọ́lé. Ní 2023, àbádòfin kan ní ilé aṣojú-ṣòfin fẹ́ kí ọmọ tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ṣiṣẹ́ ọdún márùn-ún ní Nàìjíríà kí ó tó gba ìwé àṣẹ pípé, kí ó má baà sá lọ sókè òkun. Àwọn kan nínú wa pàtẹ́wọ́ sí i. Ẹni tó fẹ́ lọ á wá ọ̀nà mìíràn, ẹni tó kù á ṣiṣẹ́ pẹ̀lú ìbínú, orí aláìsàn ló sì máa já lé.

Mo dá ìwé àbúrò wa padà. Mo ní kí wọ́n sọ ọ́ di ojú ewé mẹ́ta, kí òun sì lọ sí ilé ìlera mẹ́ta kí ó tó fọwọ́ kan bírò. Ó pè mí lánàá láti ibi kejì. Ó ní nọ́ọ̀sì ibẹ̀ kò bèèrè ẹ̀rọ kankan, ẹnì kan tí yóò máa bá òun dúró lóru ló ń wá, nítorí òun nìkan ló ń gbẹ̀bí níbẹ̀ láti ọjọ́ Ajé dé ọjọ́ Àìkú. Mo ní kó kọ ọ́ sílẹ̀ bó ṣe sọ ọ́ gan-an, kó má tún un ṣe.