“Ogun dà?”: àwọn àṣìṣe tí a máa ń ṣe tí a bá ń wá fíìmù àjọ̀dún

Ọ̀rẹ́ mi kan, ọmọ Abẹ́òkúta, gbọ́ pé fíìmù kan tó ń jẹ́ Dahomey ló gba ẹ̀bùn tó ga jù lọ ní àjọ̀dún fíìmù Berlin lọ́dún 2024. Ó ra gúgúrú àti ẹ̀pà, ó wá sílé mi ká jọ wò ó. Ẹ̀gbá tó bá gbọ́ Dahomey, ẹ mọ ohun tó máa sọ sí i lọ́kàn: àwọn obìnrin ajagun, ọdún 1851, ẹnu bodè Aró. A tan tẹlifíṣọ̀n. Ojú fíìmù ṣókùnkùn, ère kan ń sọ̀rọ̀ lédè Fọ̀n, ohùn rẹ̀ dà bíi pé ìsàlẹ̀ kànga ló ti ń wá. Àwọn òṣìṣẹ́ kan ń rọra di ère sínú àpótí pákó. Ọ̀rẹ́ mi jẹ gúgúrú títí, ó ní, “Ogun dà?”

Ogun ti parí tipẹ́. Ohun tí Mati Diop fi ṣe fíìmù náà ni àwọn ohun ìṣẹ̀ǹbáyé 26 tí àwọn ọmọ ogun Faransé kó lọ ní 1892, tí Faransé wá dá padà fún Orílẹ̀-èdè Benin lọ́dún 2021. Ìṣẹ́jú 68 péré ni gbogbo rẹ̀. Ibì kan wà níbẹ̀ tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì ti ń fa ọ̀rọ̀ mọ́ ara wọn lọ́wọ́: ṣé oore ni 26 nínú ẹgbẹẹgbẹ̀rún, àbí ìwọ̀sí? Ẹnu ni wọ́n fi ja ogun tiwọn, ó sì gbóná. Àmọ́ kí a tó débẹ̀, ọ̀rẹ́ mi ti wà lórí WhatsApp.

Ẹ̀bùn ló wò, kò wo irú fíìmù tó jẹ́. Ìpínrọ̀ kan ṣoṣo nínú àgbéyẹ̀wò èyíkéyìí ì bá ti sọ fún un pé ère ló ń sọ̀rọ̀, kì í ṣe idà. Ẹ má ṣe fi àmì ẹ̀yẹ ra tíkẹ́ẹ̀tì. Àwọn adájọ́ tó ń fúnni lẹ́bùn ní àjọ̀dún kò pọ̀, ọdọọdún ni wọ́n sì ń pààrọ̀ wọn. Ohun tó dùn mọ́ tọdún yìí nínú lè sú ti èṣí. Ariwo gbọ̀ngàn náà kò ṣeé gbára lé. Ní àjọ̀dún fíìmù Cannes, ní Faransé, lọ́dún 1960, wọ́n hó lé L'Avventura ti Antonioni lórí lálẹ́ tí wọ́n kọ́kọ́ fi í hàn. Àjọ̀dún kan náà kò tíì parí tó fi gba ẹ̀bùn àwọn adájọ́, títí dòní ni wọ́n sì ń fi kọ́ akẹ́kọ̀ọ́ sinimá. Nítorí náà, tí wọ́n bá ń kà á fún yín pé àwọn èèyàn dìde pàtẹ́wọ́ fún fíìmù kan fún ìṣẹ́jú mélòó kan, ẹ fi wọ́n sílẹ̀. Dírẹ́kítọ̀ wà lójú wọn níbẹ̀, kámẹ́rà sì wà níwájú wọn. Ta ló máa kọ́kọ́ jókòó?

Èyí tó wá ń bí mi nínú jù, tiwa nílé ni. “Fíìmù wa ti lọ sí Cannes.” Lọ́dọọdún, tó bá ti di oṣù Karùn-ún, ẹ ó rí i lórí íntánẹ́ẹ̀tì, pẹ̀lú fọ́tò agbádá létí òkun. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ òótọ́, fíìmù náà dé Cannes. Ṣùgbọ́n ọjà fíìmù ńlá kan wà tó máa ń lọ lọ́wọ́ nílùú náà lásìkò àjọ̀dún, níbi tí àwọn oníṣòwò ti ń ra fíìmù, tí wọ́n ń tà á. Ẹni tó bá lówó lọ́wọ́ lè gba gbọ̀ngàn kékeré kan níbẹ̀ kó fi fíìmù tirẹ̀ han ẹni tó bá yà síbẹ̀. Kò sí adájọ́ tó yàn án. Kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀, òwò ni, ó sì dára kéèyàn wá oníbàárà. Àmọ́ ẹni tó pàtẹ ata sẹ́nu ọ̀nà ààfin kò tíì di ìjòyè.

Ìbéèrè kan ni kí ẹ máa bi wọ́n: ẹ̀ka wo? Ní Cannes, ìdíje àgbà wà, Un Certain Regard sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Àwọn méjì mìíràn tún wà tí ìṣàkóso wọn yàtọ̀: Directors' Fortnight, tó bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 1969, àti Critics' Week, tí ẹgbẹ́ àwọn olùgbéyẹ̀wò fíìmù ní Faransé ń darí láti 1962. Fíìmù àkọ́ṣe tàbí ìkejì dírẹ́kítọ̀ nìkan ni Critics' Week máa ń mú, ibẹ̀ gan-an ni èmi sì máa ń kọ́kọ́ wò tí mo bá fẹ́ mọ orúkọ tuntun. Nígbà tí My Father's Shadow ti Akinola Davies Jr., ìtàn bàbá àti ọmọ méjì ní Èkó lásìkò ìdìbò ọdún 1993, wọ Un Certain Regard lọ́dún 2025, òun ni fíìmù Nàìjíríà àkọ́kọ́ tí àjọ̀dún náà yàn fúnra rẹ̀ sínú ètò rẹ̀. Ẹ ronú sí gbogbo “a ti lọ sí Cannes” tí ẹ ti ń gbọ́ ṣáájú ìgbà yẹn.

Ewé méjì tí wọ́n ń yà sára pósítà láti fi hàn pé fíìmù wọ àjọ̀dún ńkọ́? Ẹ ka ohun tí wọ́n kọ sáàárín rẹ̀. Àwọn “àjọ̀dún” kan wà tí kò ní gbọ̀ngàn, tí kò ní òǹwòran, orí íntánẹ́ẹ̀tì nìkan ni wọ́n wà. Ẹ sanwó ìforúkọsílẹ̀, ewé dé.

Àṣìṣe tó tún wọ́pọ̀ ni máàkì Rotten Tomatoes, ìkànnì tó ń kó èrò àwọn olùgbéyẹ̀wò fíìmù jọ. Ọ̀pọ̀ wa rò pé 95 túmọ̀ sí pé fíìmù náà gba máàkì 95, bíi ìdánwò. Rárá o. Iye olùgbéyẹ̀wò tó ní “ó dára” nínú ọgọ́rùn-ún ni, ì báà jẹ́ pé ó kàn dára díẹ̀. Kí mẹ́wàá wò ó, kí gbogbo wọn ní “kò burú,” 100 nìyẹn. Kí mẹ́wàá wo òmíràn, kí mẹ́fà máa sunkún ayọ̀, kí mẹ́rin bínú jáde, 60 péré. Èmi, fíìmù kejì yẹn ni màá lọ wò. Fíìmù tó bá ń dá ìjà sílẹ̀ ló sábà máa ń ní nǹkan nínú.

Dípò máàkì, ẹ wá olùgbéyẹ̀wò kan tàbí méjì tí ẹ mọ ìwà wọn. Kò pọn dandan kí ẹ̀yin àti wọn gbà fún ara yín. Ọkùnrin kan wà tí mo ti ń ka iṣẹ́ rẹ̀ fún ọjọ́ pípẹ́. Èyí tó bá ti ní “ó falẹ̀ jù” ni mo máa ń sáré lọ wò, kò sì tíì já mi kulẹ̀. Àmọ́ ẹ má ka àgbéyẹ̀wò tán kí ẹ tó wo fíìmù. Ìpínrọ̀ méjì àkọ́kọ́ tó. Ẹ padà wá ka ìyókù lẹ́yìn náà, ìgbà yẹn ló ń dùn bí ẹjọ́ tí èèyàn mọ ìdí rẹ̀.

Ẹ má sì gbàgbé orúkọ. Fíìmù tó jáde ní àjọ̀dún lè pẹ́ kó tó dé ọ̀dọ̀ wa: Mami Wata ti C.J. Obasi wà ní àjọ̀dún Sundance, ní Amẹ́ríkà, ní oṣù Kínní 2023, oṣù Kẹsàn-án ló wọ sinimá Nàìjíríà. Ẹ kọ orúkọ dírẹ́kítọ̀ sínú fóònù, kì í ṣe ti fíìmù nìkan, torí àkọlé máa ń yí padà láti orílẹ̀-èdè kan sí òmíràn. Ọjọ́ tó bá sì dé sinimá, ẹ má sọ pé ẹ ń dúró de ìparí oṣù. Irú wọn kì í pẹ́.

Ẹlòmíràn ń wá físà Faransé nígbà tí àwọn àjọ̀dún fíìmù bíi AFRIFF àti iREP wà l'Ékòó. S16 náà wà ńbẹ̀, èyí tí Obasi, Abba Makama àti Michael Omonua dá sílẹ̀. Ouagadougou, ní Burkina Faso, kò sì jìnnà tó bí a ṣe rò. Ibẹ̀ ni àjọ̀dún fíìmù FESPACO wà, tó bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 1969, tó sì ti di ọdún méjì méjì, ọmọ Nàìjíríà sì ni Newton Aduaka tó gba ẹ̀bùn àgbà níbẹ̀ lọ́dún 2007. Mélòó nínú wa ló mọ̀?

Ó ku ọ̀rọ̀ tó máa ń sáré nísàlẹ̀ fíìmù. Tó bá jẹ́ èdè tí ẹ ò gbọ́ ni, ẹ kà á, kí ẹ má yan èyí tí wọ́n ti fi ohùn ẹlòmíràn rọ́pò ohùn òṣèré. Àmọ́ nínú fíìmù Yorùbá, ẹ pa á. Nígbà tí a ń wo Elesin Oba nílé, ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ń ka Gẹ̀ẹ́sì, ó sì ń rẹ́rìn-ín kí òṣèré tó parí òwe. Ìyá wa bojú wò ó lẹ́ẹ̀mejì. Nígbà kẹta, wọ́n dìde, wọ́n fi ìborùn wọn bo ìsàlẹ̀ tẹlifíṣọ̀n, wọ́n padà jókòó.