Ríìlì Tó Yẹ fún Ẹja Pípa Lórí Yìnyín ní Minnesota, àti Bí Okùn Kò Ṣe Ní Máa Lọ́

Bí ẹ bá ń gbé Brooklyn Park, Brooklyn Center tàbí St. Paul, tí òtútù oṣù Kejìlá sì ti bá yín níbẹ̀, ó ṣeé ṣe kí ẹni tí ẹ jọ ń ṣiṣẹ́ ti pè yín wá sórí adágún. Àwọn ará Minnesota kì í fi ọ̀rọ̀ ẹja ṣeré. Bí omi bá ti dì tó, wọ́n á lu ihò sí i, wọ́n á jókòó tì í, wọ́n á sì ju ìwọ̀ sísàlẹ̀. Àwọn tó dàgbà sí etí ọ̀sà ní Ẹ̀pẹ́ tàbí Àgbádárìgì nínú wa mọ ẹja pípa dáadáa, ṣùgbọ́n àwọ̀n àti ìgèrè ni wọ́n mọ̀, omi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ ni wọ́n sì mọ̀. Ohun kan wà tí ẹni tó ń ra irinṣẹ́ fún ìgbà àkọ́kọ́ kì í sábà gbọ́ ní ṣọ́ọ̀bù: ríìlì (ẹ̀rọ ara ọ̀pá tí a fi ń ká okùn ìwọ̀) tí ẹ bá rà wà lára ohun tó máa pinnu bóyá ìdẹ yín á dúró jẹ́ẹ́ lójú ẹja, tàbí yóò máa yí bírí-bírí bí òkòtó títí ẹja á fi bá tirẹ̀ lọ.

Ọ̀rọ̀ òfin kò gùn, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mú un kúrò lọ́nà. Ẹni tó bá ti pé ọmọ ọdún 16 gbọ́dọ̀ ní ìwé àṣẹ láti ọ̀dọ̀ iléeṣẹ́ ìjọba ìpínlẹ̀ tí wọ́n ń pè ní DNR. Ẹ lè rà á lórí íntánẹ́ẹ̀tì tàbí ní ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń ta irinṣẹ́ ẹja. Bí ẹ bá ti fi ìpínlẹ̀ náà ṣe ibùgbé fún ọjọ́ 60 léraléra, owó onílé lẹ máa san, kì í ṣe ti àlejò. Oṣù Kẹta ni ọdún ìwé náà ń bẹ̀rẹ̀, ìparí oṣù Kejì ló sì ń parí. Ẹni tó bá rà á ní oṣù Kìíní kò ní lò ó pẹ́, kí irú ẹni bẹ́ẹ̀ wo ti wákàtí 24 tàbí ti wákàtí 72. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, okùn kan ṣoṣo ni òfin gbà fún ẹnì kan, ṣùgbọ́n lórí yìnyín ẹ lè ju okùn méjì. Ní ti yìnyín fúnra rẹ̀, íǹṣì 4 ni ó kéré jù kí ẹ tó fẹsẹ̀ rìn lórí rẹ̀, ìyẹn bó bá jẹ́ yìnyín tuntun tó mọ́ gaara. Yìnyín funfun tó ní sínóò nínú kò lágbára tó bẹ́ẹ̀ rárá, ó gbọ́dọ̀ nípọn ní ìlọ́po méjì kí ẹ tó gbà á gbọ́. DNR fúnra wọn ń sọ pé kò sí yìnyín tó dáni lójú pátápátá. Ẹ wọ ẹ̀wù tó ń léfòó, ẹ má sì dá lọ.

Ó wá ku ríìlì.

Oríṣi tó pọ̀ jù ní ṣọ́ọ̀bù ni èyí tí wọ́n ń pè ní spinning reel. Kẹ̀kẹ́ tí wọ́n ká okùn sí lára rẹ̀ kì í yí bí ẹ bá ń ká okùn wọlé. Wáyà kan ló ń yí po kẹ̀kẹ́ náà, tó ń wé okùn mọ́ ọn. Gbogbo ìgbà tí wáyà yẹn bá yí po lẹ́ẹ̀kan, okùn lọ́ lẹ́ẹ̀kan. Bí okùn bá jáde padà gẹ́gẹ́ bó ṣe wọlé, ìlọ́ náà á tú. Ìṣòro wà níbi ohun tí kì í tú. Ẹja ńlá gbé ìwọ̀, ó ń fa okùn, bíréèkì ríìlì sì ń jẹ́ kí okùn máa jáde, síbẹ̀ ọwọ́ yín kò dúró, ẹ ṣì ń ká a. Okùn kankan kò wọlé, ṣùgbọ́n wáyà ń yí. Bí ríìlì náà bá jẹ́ 5:1, ìgbà kan tí ẹ bá yí èèkù rẹ̀, ìlọ́ márùn-ún lẹ ti fi kún okùn. Ẹ yí i lẹ́ẹ̀mẹ́wàá, ó di àádọ́ta. Ẹja kan ṣoṣo lè ba okùn jẹ́ títí ilẹ̀ á fi ṣú.

Lórí omi tó ṣí sílẹ̀, ẹni tó ń ju ìwọ̀ sọ́nà jíjìn kì í tètè mọ̀ pé okùn òun ti lọ́, nítorí ìdẹ rẹ̀ kì í dúró lójú kan. Lórí yìnyín, ìdẹ ń rọ̀ tààrà sísàlẹ̀ ihò, kò sí ohun tó ń fà á. Jig, ìyẹn ìwọ̀ kékeré tí orí rẹ̀ jẹ́ irin, tí a fi ń pa ẹja kékeré bíi bluegill àti crappie fúyẹ́ gan-an, òmíràn kò tó gíráàmù kan, nítorí náà kò lágbára láti dá okùn tó lọ́ dúró. Okùn ń tú ara rẹ̀, ìdẹ ń bá a yí. Omi ìsàlẹ̀ adágún lásìkò yìí tutù dé nǹkan bí ìwọ̀n 4 lórí Celsius. Ara ẹja ti wúwo, kì í sáré bá oúnjẹ. Ó máa ń sún mọ́ ọn, á dúró, á wò ó pẹ́. Àwọn tó ń fi kámẹ́rà wo ìsàlẹ̀ omi rí i dáadáa: ìdẹ tó bá ń yí, ẹja á fẹ̀yìn rìn kúrò nídìí rẹ̀.

Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ṣe ríìlì inline. Kẹ̀kẹ́ tirẹ̀ ló ń yí, okùn ń jáde tààrà láti ara rẹ̀, ó sì ń wọlé tààrà. Kò sí wáyà tó ń wé e, nítorí náà ríìlì kò fi ìlọ́ kún okùn. Kẹ̀kẹ́ rẹ̀ sì máa ń fẹ̀ ju ti spinning reel kékeré lọ, okùn kì í ká kóróbójó tó bẹ́ẹ̀ bó bá jáde. Fún bluegill, perch àti crappie nínú omi tí kò jìn ju ẹsẹ̀ bàtà 20 lọ, irú èyí tó pọ̀ ní Medicine Lake ní Plymouth, tí kò jìnnà sí Brooklyn Park, inline ni mo ní kí ẹ rà. Èmi kò ní ṣiyèméjì nípa ìyẹn.

Ṣùgbọ́n ó ní àléébù tirẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú wọn kì í ká okùn yára. Bí ẹ bá wà lórí adágún Mille Lacs tàbí Lake of the Woods, tí ẹ ń wá ẹja walleye ní ẹsẹ̀ bàtà 25 tàbí 30, apá á ro yín kí ẹja tó dé ojú ihò. Bíréèkì ọ̀pọ̀ wọn kò sì lágbára tó fún ẹja tó ń jà. Bí ẹ bá tú okùn sílẹ̀ láìfi àtàǹpàkò kan kẹ̀kẹ́ rẹ̀, kẹ̀kẹ́ á sáré ju okùn lọ, gbogbo rẹ̀ á sì lọ́ mọ́ra. Fún walleye nínú omi jíjìn, spinning reel ṣì dára jù, kí ẹ sì bá ọ̀rọ̀ okùn rẹ̀ jà bí mo ṣe máa sọ. Ẹ mú èyí tó tóbi díẹ̀, nọ́ńbà 1000 dípò 500. Ẹ wọ ìbọ̀wọ́ òtútù yín nínú ṣọ́ọ̀bù kí ẹ tó yí èèkù rẹ̀, torí bí ẹ ṣe máa lò ó nìyẹn. Ẹ fa okùn rẹ̀ wò pẹ̀lú bíréèkì: ó gbọ́dọ̀ jáde wọ́ọ́rọ́wọ́, kì í ṣe kó máa ta kìjí-kìjí. Ní ti ẹja pike, kí ẹ gbàgbé ríìlì. Tip-up ni ọ̀pọ̀ ń lò, ìyẹn irinṣẹ́ tí wọ́n ń gbé sójú ihò, tí àsíá rẹ̀ ń dìde bí ẹja bá gbé ìdẹ, wọn kì í sì í jìnnà sí i.

Bí ẹ bá ra ọ̀pá àti ríìlì tó ti ní okùn lára láti ṣọ́ọ̀bù, ẹ yọ okùn yẹn. Ó ti pẹ́ lára rẹ̀, ó ti ká. Ẹ ra okùn ọ̀rá tuntun (pọ́ùn tí wọ́n kọ sí i ni agbára tó lè gbà kó tó já): pọ́ùn 2 sí 4 fún ẹja kékeré, 6 sí 8 fún walleye. Bí ẹ bá ń ká a sí spinning reel, ẹ tẹ́ ike okùn tuntun náà sílẹ̀, kí okùn máa jáde láti ojú rẹ̀, kí ẹ sì fi ìka méjì di okùn mú kó le díẹ̀. Lẹ́yìn nǹkan bí ogún ìyípo, ẹ dúró, ẹ dẹ okùn. Bó bá ń ká sí ara rẹ̀, ẹ dojú ike náà délẹ̀, kí ẹ máa bá iṣẹ́ lọ. Ẹ má kún un dé etí. Ẹ fi nǹkan bí mílímítà 3 sílẹ̀, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ okùn á máa já bọ́ ní ìdìpọ̀. Bó bá ṣe é ṣe, ẹ rẹ kẹ̀kẹ́ okùn nínú omi lílọ́ wọ́ọ́rọ́ ní alẹ́ tó ṣáájú ọjọ́ tí ẹ máa jáde. Ó máa ń jẹ́ kí ọ̀rá dẹ̀.

Lórí yìnyín, bí ẹ bá ti ju ìdẹ sísàlẹ̀, ẹ fi ọwọ́ ti wáyà padà dípò kí ẹ yí èèkù kó fúnra rẹ̀ padé. Bí ẹja bá ń fa okùn, ẹ má ká a rárá. Ẹ gbé ọ̀pá sókè, kí ẹ ká okùn bí ẹ bá ń sọ ọ̀pá kalẹ̀. Ìwà kan ṣoṣo yìí ló ń gba okùn là jù, kò sì náni ní kọ́bọ̀. Ẹ so swivel kékeré sí ìwọ̀n íǹṣì 18 sí 24 lókè ìdẹ, irin tí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì rẹ̀ ń yí láìgbé ara wọn. Ẹ tún wo kókó tí ẹ fi so jig: tí jig bá gbọ́dọ̀ rọ̀ ní ìbùú, kí kókó náà wà lókè ọrùn rẹ̀, kó má yọ̀ síwájú tàbí sẹ́yìn. Kókó tó bá yọ̀ ń mú kí jig yí, inline pàápàá kò ní gbà yín lọ́wọ́ ìyẹn. Ẹja kékeré tí ẹ fi ṣe ìdẹ tí ìwọ̀ gún ní ẹ̀gbẹ́ náà á máa yí. Jig tí wọ́n fi irin tungsten ṣe náà wúlò: ó wúwo ju ti òjé lọ bí títóbi wọn bá dọ́gba, nítorí náà jig kékeré á fa okùn tọ́ dáadáa.

Bí okùn bá ti lọ́ tẹ́lẹ̀, ẹ so irin tó wúwo, tí kò ní ìwọ̀, mọ́ swivel, ẹ jẹ́ kó rọ̀ sísàlẹ̀ ihò láìkan ilẹ̀, kí ẹ má fi ọwọ́ kàn án títí okùn á fi tú tán. Bó bá ṣì ń ta kókó lẹ́yìn ìyẹn, ẹ gé e kúrò, kí ẹ sì so tuntun. Ẹ kó èyí tí ẹ gé lọ sílé. Loon, ẹyẹ tí Minnesota fi ṣe ẹyẹ ìpínlẹ̀, ń padà sórí adágún wọ̀nyí bí yìnyín bá ti yọ́, okùn ọ̀rá tí ẹnikẹ́ni bá fi sílẹ̀ sì lè dì í lẹ́sẹ̀.