Tẹ́ ẹ bá ń wa mọ́tò oníná nínú òtútù, ẹ gbọ́ bí ṣáájì ò ṣe ní tán mọ́ yín lọ́wọ́

Láàárín ọ̀sẹ̀ méjì yìí, èèyàn mẹ́ta ló ti pè mí láti Kánádà, ọmọ Ìbàdàn làwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ọ̀rọ̀ kan náà ni wọ́n sì bá wá: "Ẹ̀gbọ́n, mọ́tò oníná tí mo rà yìí, bátìrì ẹ̀ ti ń kú o. Ní Sẹ̀tẹ́ńbà, tí mo bá ṣájì ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, mo fi ń lọ ibi iṣẹ́ fọ́jọ́ mẹ́ta, báyìí ọjọ́ kejì ò tíì parí tó ti ń pariwo." Bátìrì yẹn ò kú o. Òtútù ló mú un. Ọdún mẹ́rin ni mo fi gbé Calgary ní Kánádà lọ́hùn-ún kí n tó padà wálé, mọ́tò oníná ni mo wà níbẹ̀, òun náà ni mo ń wà kiri Bódìjà sí Challenge báyìí, torí náà mo ní kí n kúkú kọ gbogbo ẹ̀ sílẹ̀ kẹ́ ẹ lè fi ránṣẹ́ sáwọn èèyàn yín tó wà lọ́hùn-ún, pàápàá àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń múra àtilọ, torí kí ṣáájì tán mọ́ èèyàn lọ́wọ́ nínú yìnyín tòun tọmọ, ó léwu gan-an.

Ẹ wo kẹ́ẹ̀gì epo pupa láàárọ̀ ọyẹ́. Ẹ máa dorí ẹ̀ kodò, epo ò ní dà, á kàn máa rọra yọ́ wá, àmọ́ tẹ́ ẹ bá gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ iná fúngbà díẹ̀, ó ti ń ṣàn nìyẹn. Epo ọ̀hún ò bàjẹ́, kò sì dín. Nǹkan olómi tó wà nínú bátìrì lithium, irú èyí tí mọ́tò oníná ń lò, náà, bẹ́ẹ̀ ló ṣe ń ki tí òtútù bá mú, iná ò ní ráyè rìn geere nínú ẹ̀ mọ́, apá kan nínú ṣáájì á wà níbẹ̀ tẹ́ ẹ ò ní rí lò. Tára bátìrì bá ti móoru, á padà dé.

Ṣùgbọ́n ohun tó ń jẹ ṣáájì jù ni hítà. Mọ́tò elépo, èyí tó pọ̀ jù nínú agbára epo tó ń jó ló ń di ooru lásán, ooru ọ̀fẹ́ yẹn ni hítà ẹ̀ ń fẹ́ sí yín lára, bí ìgbà téèyàn ń yáná nídìí ààrò tí wọ́n ti fi se ọbẹ̀ tán. Mọ́tò oníná ò ní ààrò kankan, inú bátìrì kan náà tó fẹ́ fi rìn ló ti máa fa iná hítà. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní ínfátà nílé, ta ló ń fi áyọ́ọ̀nù sí i nínú yín? Ní 2019, AAA, ẹgbẹ́ àwọn onímọ́tò ní Amẹ́ríkà, dán mọ́tò oníná márùn-ún wò nínú òtútù -7°C. Nígbà tí wọn ò tan hítà, ìrìn tí mọ́tò lè rìn fi 12% dín. Nígbà tí wọ́n tan án, 41%. Ìyẹn ni pé mọ́tò tó yẹ kó rin 300 kìlómítà, 177 ló máa rìn, bẹ́ẹ̀ -7°C ò tíì jẹ́ òtútù kankan ní Calgary.

Torí náà ohun tí màá kọ́kọ́ bẹ̀ yín fún ni pé kẹ́ ẹ má fi bátìrì mú mọ́tò gbóná, iná ilé ni kẹ́ ẹ fi ṣe é. Tẹ́ ẹ bá ti dé lálẹ́, ẹ ki wáyà bọ̀ ọ́ lójú ẹsẹ̀, nígbà tí bátìrì ṣì gbóná látojú ọ̀nà, torí bátìrì tó ti tutù kì í tètè gba ṣáájì. Kẹ́ ẹ wá lọ sórí áàpù mọ́tò yín, kẹ́ ẹ sọ àkókò tẹ́ ẹ máa jáde fún un, tẹ́ ẹ bá fẹ́ jáde ní aago méje, láti bí aago mẹ́fà ààbọ̀ ni kó ti máa móoru, wáyà ṣì wà lára ẹ̀. Tó bá jẹ́ pé ṣájà ìta tó yára lẹ̀ ń lọ, ẹ kọ orúkọ ibẹ̀ sínú máàpù mọ́tò gan-an, ọ̀pọ̀ mọ́tò fúnra wọn á ti máa mú bátìrì gbóná sílẹ̀ kẹ́ ẹ tó débẹ̀. Tí ṣáájì ò bá wá wọlé dáadáa nínú òtútù, ẹ má bú ṣájà o, mọ́tò ló ń dáàbò bo bátìrì ẹ̀, torí kéèyàn máa fipá ṣájì bátìrì lithium tó ti tutù kọjá 0°C máa ń bà á jẹ́.

Èkejì, ara èèyàn ni kẹ́ ẹ mú gbóná, ẹ fi afẹ́fẹ́ inú mọ́tò sílẹ̀. Síìtì tó ń gbóná kì í sábà jẹ tó 100 wáàtì, sítíárìn náà bẹ́ẹ̀, hítà sì lè jẹ 4,000 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ tan síìtì, kẹ́ ẹ rọ hítà sílẹ̀. Mo ní kẹ́ ẹ rọ̀ ọ́ sílẹ̀ o, mi ò ní kẹ́ ẹ pa á, ohun tójú mi rí rèé. Ọjọ́ kan ní Jánúárì, èmi àti ìyàwó mi àti ọmọ wa ń bọ̀ láti ìkómọ kan ní Red Deer, nǹkan bíi 150 kìlómítà sí Calgary. Mọ́tò ti wà níta fún wákàtí márùn-ún nínú -28 láìsí wáyà lára ẹ̀. Dáṣíbọọ̀dù ní a ṣì lè rin 210, mo gbà á gbọ́. Ogójì ìṣẹ́jú péré, 210 ti di 70, ilé ṣì ku 85. Ni mo bá pa hítà. Kò pé ìṣẹ́jú mẹ́wàá tí èémí tiwa gan-an fi di yìnyín sára gíláàsì iwájú látinú, mò ń fi káàdì ATM ha á, ọwọ́ kejì wà lórí sítíárìn, nǹkan tẹ́nikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ ṣe. Ìyàwó mi wà lẹ́yìn, ó tú ìró òfì tó ró lọ ìkómọ, ó fi bo ọmọ, ó ká ìborùn lé e, ó tún ṣí gèlè, ó fi wé e lẹ́sẹ̀. Ìlú kékeré kan la yà sí tá a ti rí ṣájà, bátìrì sì ti tutù débi pé ó lé ní wákàtí kan kó tó gba ohun tó máa gbé wa délé.

Látọjọ́ náà mi ò wo kìlómítà tí dáṣíbọọ̀dù ń sọ mọ́, ìwà ọkọ̀ láná ló fi ń ṣírò. Pásẹ́ńtì ni mò ń wò, tí òtútù bá sì ti burú, ìdajì ohun tí mọ́tò ń rìn nígbà ooru ni mò ń kà sí tèmi. Ẹ dín eré kù, 95 dáa ju 115 lọ. Ẹ wọn táyà láàárọ̀, tí òtútù bá fi bíi 6°C pọ̀ sí i, afẹ́fẹ́ inú ẹ̀ máa ń fi nǹkan bíi 1 psi lọlẹ̀. Ẹ gbá yìnyín kúrò lórí mọ́tò pátá. Tí bátìrì bá tutù, tẹ́ ẹ bá gbẹ́sẹ̀ kúrò lórí tọ́ọ̀tù, mọ́tò ò ní fa ara ẹ̀ sẹ́yìn kó sì fi eré yẹn ṣájì bátìrì bó ṣe máa ń ṣe, ẹ jìnnà sẹ́ni tó wà níwájú. Tẹ́ ẹ bá sì fẹ́ rà, ẹ béèrè bóyá ó ní heat pump, ẹ́síì tí wọ́n yí padà ni, á máa kó ooru láti ìta wọlé, ìwọ̀nba iná tó ń jẹ kéré sí ti hítà lásán, àmọ́ tí òtútù bá ti le jù, agbára ẹ̀ máa ń dín.

Àwa tá a wà nílé ńkọ́? Ọyẹ́ Ìbàdàn ò tó nǹkan kan lára bátìrì. Ooru ni tiwa. AAA yẹn náà rí i pé ní 35°C, téèyàn bá tan ẹ́síì, 17% ló ń lọ, ìyẹn ṣì ṣeé fara dà, kódà tẹ́ ẹ bá ń sọ̀ kalẹ̀ láti Mókọ́lá, díẹ̀ á padà wọlé. Ohun tí mò ń bẹ̀rù ni pé ṣe ni òtútù kàn ń yá ṣáájì lọ́wọ́ yín, á dá a padà, àmọ́ èyí tí ooru bá jẹ lára bátìrì, ó jẹ ẹ́ gbé. Ẹ má ṣájì ẹ̀ dé 100% kẹ́ ẹ wá gbé e sínú oòrùn látàárọ̀ dalẹ́, 80% tó, ẹ wá abẹ́ igi. Ẹni tó bá sì fẹ́ ra Nissan Leaf tòkunbọ̀, àwọn tó ṣáájú mọ́dẹ́ẹ̀lì 2026 ò ní omi tó ń tu bátìrì wọn lára, nítorí náà ẹ wo àwọn ìlà kéékèèké tó tò sẹ́gbẹ̀ẹ́ òṣùwọ̀n ṣáájì, 12 ni wọ́n nígbà tó wà ní tuntun, ẹ kà á fúnra yín, kẹ́ ẹ bi ẹni tó ń tà á pé ìlú wo ni wọ́n ti lò ó, torí èyí tó bá ti Arizona wá, oòrùn ibẹ̀ ti jẹ nínú ẹ̀ kó tó rí tiwa.