Bí ẹ ṣe máa yan kúlà CPU tó máa wọ kéèsì tẹ́ẹ́rẹ́

Ẹ jọ̀ọ́, kẹ́ ẹ tó fowó ra kúlà kankan, ìyẹn ohun tó ń mú CPU tó jẹ́ ọpọlọ kọ̀ǹpútà tutù, ẹ lọ mú rúlà wá ná. Ohun táwọn èèyàn sábà máa ń kọ́kọ́ bi mí ni pé èwo ló dáa jù, ṣùgbọ́n tí kéèsì yín, ìyẹn àpótí tí kọ̀ǹpútà wà nínú ẹ̀, bá ti jẹ́ irú tẹ́ẹ́rẹ́ yẹn, ìyẹn kọ́ ló kàn, ohun tó kàn ni èwo ló máa wọlé tí ìdérí á ṣì dé. Noctua NH-D15 tí gbogbo ayé ń yìn yẹn, 165 mm ni gíga ẹ̀, Hyper 212 táwọn èèyàn ti ń lò látọjọ́ pípẹ́ náà fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 160 mm, ẹ ò sì lè fipá ki ìyẹn sínú kéèsì tó jẹ́ pé 56 mm péré ló fi sílẹ̀ fún kúlà.

Ẹ má sì rò pé gbogbo kéèsì kékeré ló há bákan náà o. Cooler Master NR200 kékeré lóòótọ́, àmọ́ ó gba kúlà tó ga tó 155 mm, torí náà NH-U9S tó jẹ́ 125 mm á wọ̀ ọ́ wẹ́rẹ́. Àwọn tó pẹlẹbẹ ni wàhálà wà lára wọn: Fractal Ridge gba 70 mm, Node 202 gba 56 mm, Dan A4-SFX gba 48 mm, Velka 3 ní tiẹ̀, 37 mm péré ni. Ẹ wá orúkọ kéèsì yín, kẹ́ ẹ wo iye tí àwọn tó ṣe é kọ síbẹ̀, lẹ́yìn náà kẹ́ ẹ fọwọ́ ara yín wọ̀n ọ́n.

Bẹ́ ẹ ṣe máa wọ̀n ọ́n nìyí. Ẹ pa kọ̀ǹpútà, ẹ yọ wáyà iná, ẹ ṣí ìdérí ẹ̀gbẹ́. Ẹ gbé rúlà gígùn kan dábùú ẹnu kéèsì, gẹ́lẹ́ níbi tí ìdérí máa ń jókòó, ẹ wá fi rúlà kejì wọ̀n láti abẹ́ rúlà àkọ́kọ́ sọ̀kalẹ̀ dé orí CPU. Orí CPU ni mo wí o, kì í ṣe orí mọ́dábọ́ọ̀dù, ìyẹn pátákó tí CPU jókòó lé. Mo ń tẹnu mọ́ ọn torí ó ti ná mi lówó rí. Node 202 ni mo ń tò nígbà yẹn, mo wọ̀n láti orí mọ́dábọ́ọ̀dù, rúlà fún mi ní bíi 63 mm, inú mi dùn, mo lọ ra kúlà tó ga ní 60 mm. Mo di gbogbo síkírù tán, mo gbé ìdérí lé e, ìdérí ò dé, fáànù ló gbé e sókè. Gíga tí wọ́n ń kọ sára páálí kúlà, láti orí CPU ni wọ́n ti ń kà á, CPU àti sọ́kẹ́ẹ̀tì ẹ̀ (ibi tí wọ́n ki CPU sí) sì máa ń yọrí sókè ní bíi 7 mm lórí bọ́ọ̀dù. Mo ti ya páálí, ẹni tó tà á fún mi ò gbà á padà, bí owó yẹn ṣe wọlẹ̀ nìyẹn.

Tí kúlà àtijọ́ bá ṣì wà lórí CPU, ẹ máa ní láti yọ ọ́ kẹ́ ẹ tó lè wọ̀n, ẹ sì gbọ́dọ̀ fara balẹ̀ níbí gan-an, pàápàá tó bá jẹ́ AM4, sọ́kẹ́ẹ̀tì kan tó jẹ́ ti ilé iṣẹ́ AMD tó ń ṣe CPU. Lórí AM4, abẹ́ CPU fúnra ẹ̀ ni àwọn ẹsẹ̀ tín-tìn-tín yẹn wà, tí páàsìtì, ìyẹn ọ̀rá tí wọ́n fi sáàárín CPU àti kúlà, bá ti gbẹ tẹ́ ẹ wá fa kúlà sókè láìbìkítà, CPU lè tẹ̀ lé e jáde látinú sọ́kẹ́ẹ̀tì bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹ ti tì í pa, ẹsẹ̀ kan bá sì tẹ̀, ẹ ti bọ́ sí wàhálà. Kẹ́ ẹ tó tú u, ẹ jẹ́ kí kọ̀ǹpútà ṣiṣẹ́ fún bíi ìṣẹ́jú mẹ́wàá kí páàsìtì rọ̀, kẹ́ ẹ wá pa á, kẹ́ ẹ tú síkírù, kẹ́ ẹ rọra máa yí kúlà sọ́tùn-ún sósì títí tẹ́ ẹ fi máa mọ̀ lọ́wọ́ pé ó ti já. Ìgbà yẹn ni kẹ́ ẹ tó gbé e.

Iye tẹ́ ẹ rí, ẹ yọ nǹkan kúrò nínú ẹ̀. Tí asẹ́ eruku bá wà nínú ìdérí, ẹ yọ iye tó nípọn, kẹ́ ẹ sì tún fi 2 tàbí 3 mm sílẹ̀ kí ohun gbogbo má fún jù. Ẹ wo ìdérí náà dáadáa pẹ̀lú. Tó bá ní ihò lọ́gangan ibi tí fáànù máa wà, kò burú kí fáànù sún mọ́ ọn, ó tiẹ̀ dáa bẹ́ẹ̀ torí afẹ́fẹ́ tútù láti ìta ló máa fà. Tó bá jẹ́ ìdérí tó dí pa tàbí gíláàsì, èmi ò lè gbà kí àyè tó wà láàárín ẹ̀ àti fáànù dín sí bíi 15 mm, torí kúlà tó bá wọlé ṣùgbọ́n tí ò rí afẹ́fẹ́ mí, kò yàtọ̀ sí kúlà tí kò sí.

Sọ́kẹ́ẹ̀tì ló kàn. AM4 àti AM5 ń lo ibi ìdè kan náà, kúlà tó bá lo irin tí wọ́n fi de tí AMD fi ránṣẹ́ pẹ̀lú bọ́ọ̀dù á wọ méjèèjì. Ti Intel, ilé iṣẹ́ kejì tó ń ṣe CPU, ló máa ń da èèyàn rú: LGA1200 àti àwọn tó ṣáájú ẹ̀ bíi LGA1151, ihò wọn jìnnà síra ní 75 mm, LGA1700 ti di 78 mm, nítorí náà kúlà àtijọ́ tí wọ́n gbé fún yín ní ẹ̀dínwó lè má bá ihò mu àyàfi tí irin LGA1700 bá wà nínú páálí ẹ̀. Ẹ bèèrè kẹ́ ẹ tó sanwó. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ra kọ̀ǹpútà ọ́fíìsì tọ́kùnbọ̀, irú pẹlẹbẹ tí wọ́n kó kún Computer Village ní Ìkẹjà yẹn, ẹ tún ṣọ́ra jù bẹ́ẹ̀ lọ, ọ̀pọ̀ nínú wọn ni ihò wọn àti ẹnu wáyà fáànù wọn kì í ṣe irú tí gbogbo ayé ń lò, kúlà tó wà lọ́jà lè má bá a mu rárá.

Ẹ wo àwọn aládùúgbò CPU náà. RAM (mẹ́mọ́rì kọ̀ǹpútà) lásán tí ò ní ọ̀ṣọ́ máa ń ga tó bíi 31 mm, àwọn tó ń tàn yòò yẹn ń tó 44 mm, tí kúlà yín bá lo fáànù 120 mm, ó máa nà dé orí RAM. Ìdí nìyẹn tí mo fi fẹ́ràn àwọn oní-fáànù 92 mm fún kéèsì tó há, NH-L9i fẹ̀ tó 95 mm péré, kì í yọ ẹnikẹ́ni lẹ́nu.

Ó wá ku ooru. Iye wáàtì tí wọ́n kọ sára CPU kì í ṣe gbogbo ohun tó máa jẹ. Core i5-12400 ti Intel tí wọ́n kọ 65 W sí lè gòkè dé 117 W, Ryzen 5 7600 ti AMD tí wọ́n kọ 65 W sí náà lè jẹ 88 W, Core i7-13700K lè dé 253 W, ìyẹn ò sì ní ohun tó ń ṣe nínú kéèsì pẹlẹbẹ. Kúlà 37 mm bíi NH-L9i tàbí NH-L9a, èmi ò ní gbé e lé ohun tó ju irú 65 W lọ. Tí kéèsì yín bá gbà á, ẹ gòkè sí Thermalright AXP90-X47 tó jẹ́ 47 mm, tàbí X53 tó jẹ́ 53 mm, mílímítà mẹ́wàá yẹn máa ń hàn gan-an. Wọ́n ń ta X47 oní-bàbà pátápátá náà, àmọ́ ó wúwo. Fún Ridge tó gba 70 mm, AXP120-X67 tàbí NH-L12S ni mo máa wò, tí RAM yín bá kúrú.

Ẹ rántí yàrá yín pẹ̀lú. Kúlà afẹ́fẹ́ ò lè mú CPU tutù ju afẹ́fẹ́ tó ń fẹ́ sí i lọ. Ẹni tó dán kúlà wò nínú yàrá tó wà ní 22°C, tó ní CPU òun ò kọjá 78, tẹ́ ẹ bá gbé kúlà yẹn sínú yàrá tí ò ní AC lóṣù kẹta tí gbogbo ilé wà ní 33, ẹ máa rí nǹkan bíi 89. Ẹ fi ìyàtọ̀ yẹn kún un nígbà tẹ́ ẹ bá ń ka àbájáde àwọn tó ń dán an wò. Tó bá ṣì pọ̀ jù, ẹ wọ BIOS, ibi tí wọ́n ti ń ṣètò mọ́dábọ́ọ̀dù, ẹ tan Eco Mode tó ń dín wáàtì kù fún Ryzen tàbí kẹ́ ẹ dín iye wáàtì kù fún Intel, iṣẹ́ tó máa dín kù ò tó nǹkan, ooru tó máa lọ pọ̀.

Nígbà tẹ́ ẹ bá fẹ́ dè é, páàsìtì tó tó ẹ̀wà kan láàárín CPU ti tó, ẹ wá máa di síkírù ní igun sí igun, díẹ̀díẹ̀. Kẹ́ ẹ tó pa ìdérí, ẹ rí i pé wáyà kankan ò wà lójú fáànù. Tí ìdérí bá ń tẹ̀ tàbí tó ń fẹ́ kẹ́ ẹ fi orúnkún tì í, ẹ dá a dúró, nǹkan kan ló ń gbé e.

Ẹ jẹ́ kó ṣiṣẹ́ tó wúwo fún bíi ìdajì wákàtí, kẹ́ ẹ fi HWiNFO, ètò kọ̀ǹpútà kan tó ń fi ooru hàn, máa wo ooru ẹ̀. Ryzen 7000 kì í jẹ́ kó kọjá 95°C, Intel ìran kejìlá sí ìkẹrìnlá 100°C, tó bá ti fara kan ibẹ̀ ó máa dín eré kù fúnra ẹ̀. Lẹ́yìn náà ẹ ṣí ìdérí nígbà tí iṣẹ́ yẹn ṣì ń lọ. Tí ooru bá wálẹ̀ ní díẹ̀ péré, kúlà yín ń mí dáadáa, ẹ dé e padà. Tó bá já wálẹ̀ ní mẹ́wàá tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, kúlà kọ́ ni ìṣòro yín, ibi tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọlé ni kẹ́ ẹ tún ṣe kẹ́ ẹ tó náwó mìíràn.