Yóógà fún ìsinmi: ipò mẹ́rin tí ẹ lè ṣe lórí ẹní nílé

Lọ́dọ̀ àwọn ará Íńdíà tó ni yóógà, àsánà ni wọ́n ń pe ipò tí èèyàn fi ara sí. Ìjókòó ni ọ̀rọ̀ náà kọ́kọ́ túmọ̀ sí, ohun méjì péré ni Yoga Sutra, ìwé àtijọ́ lórí yóógà, sì béèrè lọ́wọ́ ẹni tó jókòó: kó dúró ṣinṣin, kó sì rọ̀ ọ́ lára. Nítorí náà, ẹ gbàgbé àwòrán ẹni tó gbé ẹsẹ̀ kọ́ ọrùn. Iṣan tó bá ṣì ń gbé ẹrù kò lè sinmi. Ibi tí àyè bá ti ṣófo láàárín ara yín àti ilẹ̀, aṣọ ni kí ẹ fi dí i.

Ẹní kan, ìrọ̀rí méjì, ìró tàbí aṣọ ìbora méjì àti ògiri tó mọ́ ti tó. Ẹ jẹ́ kí oúnjẹ ti wọlé fún wákàtí 2. Tó bá jẹ́ iyán tàbí ẹ̀bà, ó di 3, torí ẹni tó bá tẹ̀ síwájú lé ikùn tó kún, oúnjẹ á máa gun ọ̀fun bọ̀.

Imú ni kí ẹ fi mí. Bí èémí bá ń wọlé, ẹ ka ení dé ẹ̀rin. Bó bá ń jáde, ẹ ka ení dé ẹ̀fà. Ìgbà tí èémí bá ń jáde ni ọkàn máa ń rọra lù, ìdí nìyẹn tí ìjáde fi gùn ju ìwọlé lọ. Tí òòyì bá ń kọ́ yín, ẹ ti ń fipá fà á. Ẹ padà sí bí ẹ ṣe ń mí tẹ́lẹ̀.

Ipò ọmọdé (balasana), ìṣẹ́jú 2 sí 3. Ẹ kúnlẹ̀, kí àtàǹpàkò ẹsẹ̀ méjèèjì kan ara wọn, kí orúnkún yà síra. Ẹ jókòó lé gìgísẹ̀, kí ẹ wá tẹ̀ síwájú títí iwájú orí á fi kanlẹ̀. Ẹni tó ń kírun ti mọ ìdajì rẹ̀, àmọ́ nínú ìforíkanlẹ̀, ìdí máa ń wà lókè. Níbí, orí gìgísẹ̀ ló ń wà. Ibẹ̀ gan-an ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣì í: ìdí kò dé gìgísẹ̀, gbogbo ìwúwo bá bọ́ sórí, ọrùn bẹ̀rẹ̀ sí í ro wọ́n. Ẹ fi ìrọ̀rí sáàárín ìdí àti gìgísẹ̀. Bí orí kò bá kanlẹ̀, ẹ to ìkúùkù méjèèjì léra wọn, kí ẹ gbé orí lé e. Bí ẹ̀yìn ẹsẹ̀ bá ń dunni, ẹ ká ìró sábẹ́ ọrùn ẹsẹ̀. Orúnkún tó bá ṣì ń dùn lẹ́yìn gbogbo èyí, ẹ má bá a jà. Ẹ fo ipò yìí.

Ẹsẹ̀ sára ògiri (viparita karani), ìṣẹ́jú 5 sí 10. Ẹni tó fi gbogbo ọjọ́ dúró ní ọjà ló máa gbádùn èyí jù. Ẹ má kọjú sí ògiri. Ẹ jókòó kí ìbàdí kan fẹ̀gbẹ́ tì í, kí ẹ yí ara padà bí ẹ ṣe ń sùn sẹ́yìn, ẹsẹ̀ á sì gòkè lẹ́ẹ̀kan náà. Kí ìdí jìnnà sí ògiri ní nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 15. Bí ìdí bá ń gbéra nílẹ̀ tàbí tí ẹ̀yìn orúnkún ń fà, ẹ ti sún mọ́ ọn jù. Bí ẹsẹ̀ bá fẹ́ kú, ẹ tẹ orúnkún, kí ẹ fi àtẹ́lẹsẹ̀ ti ògiri. Ẹni tó ní àìsàn ojú tí wọ́n ń pè ní glaucoma tàbí ẹ̀jẹ̀ ríru tí oògùn kò tíì kápá, kó má ṣe é.

Àtẹ́lẹsẹ̀ kan àtẹ́lẹsẹ̀ (supta baddha konasana), ìṣẹ́jú 5. Ẹ fẹ̀yìn lélẹ̀, ẹ pa àtẹ́lẹsẹ̀ pọ̀, kí orúnkún ṣubú sí ẹ̀gbẹ́. Ìrọ̀rí kọ̀ọ̀kan sábẹ́ itan. Itan tó bá rọ̀ dirodiro kò ní jẹ́ kí abẹ́ ikùn dẹ̀.

Savasana, ìṣẹ́jú 10. Ipò òkú ni ìtumọ̀ rẹ̀. Ẹni tí kò bá fẹ́ dárúkọ òkú lálẹ́ lè sọ pé òun nà gbalaja. Ẹsẹ̀ yà síra, ọwọ́ jìnnà díẹ̀ sí ìhà, àtẹ́lẹwọ́ ṣí sókè. Ẹ fi ìrọ̀rí sábẹ́ orúnkún kí ìbàdí lè fara lélẹ̀, àti aṣọ tẹ́ẹ́rẹ́ sábẹ́ orí, débi tí àgbọ̀n á fi rẹlẹ̀ díẹ̀ ju iwájú orí lọ. Ẹ bo ara, torí ara tí kò mira máa ń tutù. Ẹ wá máa tú ara sílẹ̀ láti ẹsẹ̀ lọ sókè. Ẹ má gbàgbé ahọ́n àti eyín tí ẹ há mọ́ra láìmọ̀. Bí ọkàn bá rìn lọ, ẹ padà sí kíka èémí. Aláboyún tó ti kọjá oṣù mẹ́rin kò gbọ́dọ̀ fẹ̀yìn lélẹ̀ pẹ́ nínú ipò kankan. Kó fi ẹ̀gbẹ́ òsì sùn, kó fi ìrọ̀rí sáàárín orúnkún.

Láti dìde, ẹ kọ́kọ́ mi ìka ọwọ́ àti ti ẹsẹ̀, ẹ yí sí ẹ̀gbẹ́ kan, ẹ dúró bẹ́ẹ̀ fún èémí mẹ́ta. Ẹ wá fi ọwọ́ ti ilẹ̀, kí orí gbẹ́yìn dìde.